Ikú Òtútù-Ò-Mú-Mi

Ẹnu ọ̀nà yàrá yìnyín ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Wọn ò tíì rí aṣọ bò ó lójú.

Kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún. Yìnyín ṣì wà lára irun ìpéǹpéjú rẹ̀, ó ń yọ́, ó ń ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sílẹ̀, àfi bí ẹni pé òkú ń sunkún ara rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ti ọwọ́ òsì ti bọ́ sọnù, èkánná ìka mẹ́ta sì ti ya níbẹ̀. Obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ tì í wo èkánná náà pẹ́ títí.

Farabalẹ̀ ni gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ń pe obìnrin náà. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti fi ṣiṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, kò sì sí ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ tí kì í kọ́kọ́ sọ fún pé, "Ẹ fara balẹ̀." Olè ti gbọ́ ọ, opó ti gbọ́ ọ. Wọ́n bá fi ṣe orúkọ fún un.

"Kí ló ń fà tó fi ya èkánná báyìí?" ó béèrè.

Olùṣọ́ ilẹ̀kùn ló dáhùn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. "Akoto ló fẹ́ bọ́, màdáámú. Ó ti bọ́ ọ dé àárín orí kó tó ṣubú."

"Ẹ fara balẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn ni páìpù gáàsì tó ń mú yàrá náà tutù jò. Gáàsì yẹn kì í bá èèyàn ṣeré. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé lọ dí i gbọ́dọ̀ dé akoto tó bo gbogbo orí dé ọrùn, tí rọ́bà gígùn kan ń gbé afẹ́fẹ́ mímọ́ wá sínú rẹ̀ láti ìta. Ọkùnrin tó wà nílẹ̀ yìí ló ń tún ẹ̀rọ yàrá yìnyín ṣe, òun ló sì máa ń wọlé. Nítorí pé kì í wọ aṣọ òtútù àfi tí ọ̀gá bá ń wò ó, wọ́n sọ ọ́ ní Òtútù-Ò-Mú-Mi.

"Ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lòun máa lò," olùṣọ́ wí. "Ó ní tóun bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí n bá òun jẹ búrẹ́dì òun. Nígbà tó tó bí ogójì ìṣẹ́jú, mo gbá ilẹ̀kùn. Kò dáhùn. Mo pariwo pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo fi aṣọ tútù di imú, mo wọlé, mo wọ́ ọ jáde."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà wọlé?"

"Rárá. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Òun ló bọ́ akoto kúrò lórí rẹ̀, òun ló ká rọ́bà. Èmi ni mo fa rọ́bà yẹn jáde. Ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú, bí ẹni pé wọ́n da iyọ̀ sí i."

Farabalẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Kò tíì mọ ohun tó máa fi ṣe.

Ẹ̀gbọ́n olóògbé jókòó lórí àgbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé nínú oòrùn. Ọkùnrin gíga ni, ó ti hu ewú. Ó gbá akoto mọ́ àyà, ó ká rọ́bà sórí ẹsẹ̀, ó sì ń mi ara rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Gbogbo òṣìṣẹ́ ń wò ó, àánú rẹ̀ ń ṣe wọ́n. Òun ló tọ́ àbúrò rẹ̀ láti ìgbà tí bàbá àti ìyá wọn ti kú, òun ló kọ́ ọ níṣẹ́, òun ló mú un wọ ilé-iṣẹ́ náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ gbé e fún mi."

Ó pẹ́ kó tó gbé e lé e lọ́wọ́. Akoto náà ti gbóná nínú oòrùn. Farabalẹ̀ fi ìka kan inú rẹ̀, ìka náà rin. Omijé ni, ẹnì kan wí lẹ́yìn rẹ̀. Farabalẹ̀ ò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́: omi wà nínú akoto.

Ní ọjọ́ Ẹtì, dókítà ní àìrí afẹ́fẹ́ mí ló pa á. Gáàsì tí wọ́n bá nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tó nǹkan. Wọ́n so akoto àti rọ́bà pọ̀ padà, wọ́n ṣí afẹ́fẹ́ sí i, ó fẹ́ bí ó ti yẹ. Kò sí ihò, kò sí ibi tó dí.

Ohun tó wá sí gbogbo ènìyàn lọ́kàn ni pé ẹnì kan ló ti afẹ́fẹ́ pa mọ́ ọn, tó sì tún ṣí i padà.

Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kan ṣoṣo ló ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ fún ilé-iṣẹ́ mẹ́ta nínú ọgbà náà: àwọn tó ń fín ọ̀dà sára ọkọ̀, àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì, àti yàrá yìnyín. Fáàfù tó ń rán afẹ́fẹ́ lọ sí yàrá yìnyín wà nínú ilé kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, àgádágodo sì wà lẹ́nu rẹ̀. Bàbá arúgbó kan ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bàbá Ẹ̀rọ ni wọ́n ń pè é. Ọgbọ̀n ọdún ló ti wà nídìí ẹ̀rọ yẹn, tí ariwo rẹ̀ ti mọ́ ọn létí.

Bàbá Ẹ̀rọ yìí náà ló bí ìyàwó olóògbé.

Gbogbo ẹnu wá ń sọ̀rọ̀ bàbá náà, bí wọ́n ti ń ṣe sí ẹni tó ti ṣubú. Wọ́n ní bàbá ò fẹ́ ìgbéyàwó náà. Wọ́n ní ọdún mẹ́ta gbáko ló fi kọ̀ jálẹ̀, pé òun ò ní fi ọmọ òun fún ẹni tó ń fi ikú ṣeré. Wọ́n mú un ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí Farabalẹ̀ bi í bóyá òun ló ti fáàfù, ó wo ilẹ̀ nìkan.

Ọ̀gá àgọ́ ní tó bá di ọjọ́ Ajé, kí wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ẹjọ́ ti tán lójú tirẹ̀.

Inú yàrá kan ṣoṣo tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ni Farabalẹ̀ ti bá opó náà. Aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ṣì wà lórí okùn lẹ́yìn fèrèsé, kò sẹ́ni tó lè ká a. Àwọn obìnrin ilé jókòó sórí ẹní. Ẹ̀gbọ́n olóògbé náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò bá wọn jókòó sílẹ̀. Àga gíga kan ló jókòó lé lẹ́bàá ògiri, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú gbọnrangandan.

"Bàbá mi ló pa á," obìnrin náà wí. "Ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́?"

"Ẹ rí i tó tì í?"

"Mo mọ bàbá mi. Tó bá ti kọ nǹkan, kì í yí padà."

Farabalẹ̀ mọ̀ pé obìnrin yìí ń wá ẹni tó máa di ẹ̀bi rù kí àyà rẹ̀ lè fúyẹ́. Ó sì mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ilé ẹjọ́ bó ṣe wà yìí, ọmọ yóò sin ọkọ rẹ̀, yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ ti bàbá rẹ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi ìkánjú parí.

"Ẹ tún sọ fún mi nípa ọkọ yín. Ta ló sún mọ́ ọn jù?"

"Ẹ̀gbọ́n wa yìí." Ó tọ́ka sí ọkùnrin orí àga. "Bàbá ni wọ́n jẹ́ fún wa. Ilé búrẹ́dì nínú ọgbà yẹn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kò sí ọjọ́ Ajé tí wọn kì í yà sọ́dọ̀ mi láàárọ̀. Wọ́n á gbé àwo ìlẹ̀kẹ̀ wọn wá kí n bá wọn yan án, wọ́n á béèrè bóyá a jí dáadáa."

"Ìlẹ̀kẹ̀ wo nìyẹn?"

"Ìlẹ̀kẹ̀ ẹ̀rọ ni. Tí wọ́n bá gbé e wá, á pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá jáde nínú ààrò, á ti di àwọ̀ aró." Fún ìgbà àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ tújú díẹ̀. "Ó máa ń dùn mọ́ mi láti wò ó."

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Farabalẹ̀ rí i pé ọkùnrin orí àga ti yí ojú sí ògiri.

Nígbà tí ọkùnrin náà dìde jáde, Farabalẹ̀ tẹ̀ lé e lọ sí ìta. "Ẹ̀gbọ́n, kí ni ìlẹ̀kẹ̀ yẹn?"

"Ohun tó wà nínú àgbá agbomi ni, màdáámú. Ẹ̀yìn yàrá yìnyín ni àgbá náà wà. Èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ máa gba àárín ìlẹ̀kẹ̀ kọjá kó tó wọ rọ́bà. Ìlẹ̀kẹ̀ á fa omi inú rẹ̀ mu. Tó bá ti mu yó, á pupa. Tí a bá yan án, á gbẹ, á padà di aró."

"Ẹ máa ń pààrọ̀ rẹ̀?"

"Lóṣooṣù. Àpò mẹ́rin. Fèrèsé gíláàsì wà lára àgbá náà, ọ̀gá wa máa ń wá wò ó ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Ẹ lọ wò ó fúnra yín."

Farabalẹ̀ lọ wò ó. Àgbá náà ga ju ìlọ́po méjì ènìyàn. Fèrèsé rẹ̀ kéré bí àtẹ́lẹwọ́, ó sì dọ́gba pẹ̀lú àyà. Gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lẹ́yìn gíláàsì dú bí aró, ó mọ́, ó dán. Kò sí àléébù. Àkàbà irin kan fara ti àgbá náà dé òkè, níbi ìdérí. Ó fẹ́ gùn ún, ó sì rí agbọ́n méjì tó ń fò yí irin kẹta ká. Wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀, ilé ńlá tí kì í ṣe ti oṣù kan. Ó fi àkàbà náà sílẹ̀ fún wọn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó bá pẹ́ńtà ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀dà funfun ti lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ní Ọjọ́bọ̀, láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá, ǹjẹ́ afẹ́fẹ́ dín kù lọ́dọ̀ yín?"

"Kò dín. Mo ń fín ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan lọ́wọ́, mi ò dúró."

"Ẹ rí i tí Bàbá Ẹ̀rọ kúrò níbi tó wà?"

"Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló jókòó sí, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo ń wò ó tààrà láti ibí yìí. Mo sọ ọ́ fún ọlọ́pàá tó wá lánàá, ó ní mi ò lè máa wo ọkọ̀ kí n tún máa wo bàbá." Ó fọwọ́ họ irùngbọ̀n. "Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé èèyàn lè fi títì afẹ́fẹ́ pa ẹnì kan. Nínú iṣẹ́ tiwa, bí afẹ́fẹ́ bá tán, à á dúró dè é. Omi là ń bẹ̀rù. Bí omi bá tẹ̀ lé afẹ́fẹ́ wá, ọ̀dà á lé ròrò bí ara ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ wo pátákó tó wà lára ògiri Bàbá, wọ́n kọ iye omi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà síbẹ̀."

Ó wo pátákó náà. Pẹ́ńtà, mẹ́ta. Búrẹ́dì, mẹ́ta. Yàrá yìnyín, ogójì sísàlẹ̀ òdo.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Farabalẹ̀ padà sí àgọ́, ó ní kí wọ́n mú Bàbá Ẹ̀rọ jáde láti àtìmọ́lé. Ó gbé àga fún un, ó bu omi fún un.

"Bàbá, ẹ ṣàlàyé pátákó yín fún mi. Kí ni mẹ́ta, mẹ́ta, ogójì?"

Arúgbó náà gbé orí sókè. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un, kò sẹ́ni tó bi í ní ohun tó mọ̀.

"Omi wà nínú gbogbo afẹ́fẹ́, ọmọ mi. Ẹ gbé ìgò omi tútù sórí tábìlì yìí, ẹ ó rí i tó máa làágùn. Inú ìgò kọ́ ni òógùn yẹn ti jáde, inú afẹ́fẹ́ ni. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ síbẹ̀, bí afẹ́fẹ́ ṣe máa tutù tó kí omi tó já nínú rẹ̀ ni. Ti pẹ́ńtà, dìgírì mẹ́ta tó o, torí ibi tó ń ṣiṣẹ́ kì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Ti búrẹ́dì náà tó, wọ́n kàn ń fi fẹ́ ẹnu ọ̀rá ni. Ẹ̀rọ kékeré tó wà lọ́dọ̀ mi ń ṣe ìyẹn fún wọn."

"Yàrá yìnyín ńkọ́?"

"Ìyẹn yàtọ̀. Ibẹ̀ tutù dé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sísàlẹ̀ òdo. Afẹ́fẹ́ tó dára fún pẹ́ńtà, tó dára fún búrẹ́dì, tí ẹ bá gbé e wọ ibẹ̀ yẹn..."

"Omi inú rẹ̀ á já."

"Á já, á sì di yìnyín lójú ẹsẹ̀."

"Nínú rọ́bà," Farabalẹ̀ wí jẹ́jẹ́. "Á máa kó jọ díẹ̀díẹ̀. Á dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí iyọ̀. Á dí ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ akoto. Tí wọ́n bá wá gbé e sínú oòrùn, á yọ́, kò sì ní sí ẹni tó máa rí nǹkan kan mọ́."

Bàbá Ẹ̀rọ gbé ife omi sílẹ̀.

"Àgbá agbomi ló yẹ kó mú un gbẹ dé ogójì," Farabalẹ̀ ń bá a lọ. "Ẹ̀gbọ́n ní òun ń pààrọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ lóṣooṣù."

"Bó bá ní bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni."

"Bàbá."

"Ọmọ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má dé ibẹ̀. Èmi ni mo ti fáàfù. Mo tì í. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí n fọwọ́ sí i."

Farabalẹ̀ ti rí àìmọye ènìyàn tó purọ́ kó lè jáde ní àtìmọ́lé. Ẹni tó ń purọ́ kó lè dúró síbẹ̀, kò rí ju méjì lọ ní ọdún mẹ́rìnlélógún, àwọn méjèèjì sì ń bo ọmọ wọn. Ó wo arúgbó náà, ó ronú kan àwo ìlẹ̀kẹ̀ kan lórí ààrò búrẹ́dì, àánú sì ṣe é débi pé kò lè bi í ní nǹkan mìíràn.

Àwo kan lọ́sẹ̀. Àpò mẹ́rin lóṣù. Ẹni tó bá mọ ìṣirò ọjà yóò mọ̀ pé èkínní ò lè di èkejì láéláé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó ránṣẹ́ pe Ẹ̀gbọ́n sí ẹ̀yìn yàrá yìnyín. Olùṣọ́ ilẹ̀kùn wà níbẹ̀, pẹ́ńtà náà wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ dákẹ́ nínú gbogbo ọgbà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gun àkàbà yìí fún mi, kí ẹ ṣí ìdérí."

Ọkùnrin náà wo àkàbà, ó wo ilé agbọ́n.

"Agbọ́n wà níbẹ̀, màdáámú."

"Mo rí wọn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbébẹ̀. Ẹni tó ń gun ibẹ̀ lóṣooṣù ì bá ti lé wọn."

Farabalẹ̀ ní kí pẹ́ńtà gbé àkàbà tirẹ̀ wá sí apá kejì. Pẹ́ńtà gùn ún, ó fi sípánà tú ìdérí, ó kó ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ohun tó bù jáde kò dú bí aró. Ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó ti lẹ̀ mọ́ra wọn ní kókó kókó, ó tún rin. Ó bù ú lẹ́ẹ̀kejì, ó ki ọwọ́ rẹ̀ bọlẹ̀ dé èjìká. Pupa náà ni.

Farabalẹ̀ tú gíláàsì fèrèsé náà láti ilẹ̀ tó dúró sí. Àpò irin kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó da ohun tó wà níbẹ̀ sínú àwo. Ìlẹ̀kẹ̀ aró, tó dán, tó mọ́. Ó kún àwo kan géérégé, kò lé, kò dín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ pa á," ó wí. "Kì í ṣe pé ẹ fẹ́ kó kú. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé afẹ́fẹ́ yìí kò gbẹ, ẹ sì jẹ́ kó mú un wọlé."

Ọkùnrin gíga náà fẹ́ jókòó sílẹ̀, orúnkún rẹ̀ kò gbà. Olùṣọ́ ilẹ̀kùn ló gbé àgbá fún un.

"Láti ìgbà wo lẹ ò ti lè gun àkàbà mọ́?"

"Ọdún kan ó lé oṣù mẹ́rin." Ó fi ọwọ́ pa orúnkún ọ̀tún. "Ó kọ́kọ́ ṣe bí eré. Mo ní á lọ. Ó dọjọ́ kan, mo gùn ún dé àárín, ẹsẹ̀ ò gbé mi lọ sókè, kò gbé mi bọ̀ nílẹ̀. Mo dì í mú níbẹ̀ fún wákàtí kan. Kò sẹ́ni tó rí mi."

"Ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ta ni kí n sọ fún? Èmi ni mo kọ́ gbogbo wọn bí wọ́n ṣe ń gun nǹkan. Tí mo bá sọ, wọ́n á fi mí sídìí géètì kí n máa kí àlejò. Àbúrò mi á máa gùn ún fún mi, á máa ṣe mí jẹ́jẹ́ bí arúgbó." Ó mí kanlẹ̀. "Fèrèsé nìkan ni ọ̀gá máa ń wò. Ọwọ́ mi tó fèrèsé. Mo ní kí n máa ṣe ti fèrèsé ná, títí orúnkún á fi san. Ìgbà méjì ni afẹ́fẹ́ tó ń ṣí ilẹ̀kùn ńlá dì. Mo da omi gbígbóná lé e, ó ṣí. Mo ní kò sí nǹkan."

"Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ mọ̀ pé ó fẹ́ wọlé."

"Èmi ni mo so ọ̀já akoto mọ́ ọn lọ́rùn." Omi ti ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. "Ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo mọ̀ pé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tíì ní dí. Mo dúró sẹ́yìn ilé, mo ń wo aago ọwọ́ mi. Nígbà tó di ogún, ó yẹ kí n pariwo. Mo ní bí mo bá pariwo, tó sì jáde láyọ̀, wọ́n á bi mí pé kí ló bà mí lẹ́rù. Mo wá ń dúró. Mo ń dúró títí olùṣọ́ fi pè mí. Ẹ̀pa ò bóró mọ́ nígbà yẹn."

"Ẹ gbé akoto sínú oòrùn."

"Kí yìnyín lè yọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ń sunkún lóòótọ́, mo sì ń yọ́ yìnyín."

"Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n mú bàbá arúgbó."

"Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ṣùgbọ́n ikú tèmi ni wọ́n ń wí, màdáámú. Wọn ò ní kí n fi ti àbúrò mi ra ìtìjú tèmi padà."

Olùṣọ́ ilẹ̀kùn ti kẹ̀yìn sí wọn, ó ń sunkún. Farabalẹ̀ ṣí ìwé rẹ̀.

"Ìbéèrè kan ló kù. Ta ló ń bá yín yan ìlẹ̀kẹ̀ inú àwo?"

Ọkùnrin náà gbé ojú sókè, ó wò ó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta, ojú rẹ̀ kò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Èmi fúnra mi ni. Nílé mi. Kò sẹ́ni tó bá mi dá sí i."

Farabalẹ̀ kọ ọ́ pé, àwo kan ni wọ́n ń yan lọ́sẹ̀. Ó dé kálámù rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa mú un lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n kó bàtà àti ìgbànú Bàbá Ẹ̀rọ fún un. Ó jókòó sí yàrá Farabalẹ̀, ó ń gbìyànjú láti fi ìgbànú sára, kò rí ihò rẹ̀.

"Ẹ ti mọ̀ láti ìgbà wo?" Farabalẹ̀ béèrè.

"Láti ìgbà tí mo gbọ́ pé rọ́bà ń dún. Mo máa ń lọ jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ ọmọ mi, mo ti rí àwo yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Mo rò pé ìlẹ̀kẹ̀ tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn àpò mẹ́rin ni." Ó fi ìgbànú sílẹ̀. "Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé?"

"Mo kọ àwo. Mi ò kọ ẹni tó ń yan án."

Ilẹ̀kùn ṣí. Opó náà dúró síbẹ̀, kò wọlé, kò padà sẹ́yìn. Wọ́n ti sọ fún un nílé pé Ẹ̀gbọ́n ti jẹ́wọ́. Wọ́n ti sọ fún un nípa fèrèsé.

"Màdáámú," ó wí, kò wo bàbá rẹ̀. "Àwo tí wọ́n máa ń gbé wá fún mi lọ́jọ́ Ajé. Ṣé òun ni?"

Farabalẹ̀ la ẹnu. Arúgbó náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Rárá," ó wí. "Ìyẹn yàtọ̀. Ti ẹ̀rọ mìíràn ni."

Ọmọ rẹ̀ wá yí ojú sí i. Ó wò ó pẹ́. Omi lé sí bàbá lójú, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

"Mo ní ẹ̀yin lẹ pa á," obìnrin náà wí. "Iwájú gbogbo ènìyàn ni mo ti sọ ọ́."

"Mo gbọ́."

"Ẹ sì jókòó síbí yìí ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ò sọ nǹkan kan."

"Mi ò ní nǹkan kan láti sọ."

Ó wọlé wá. Ó dúró níwájú bàbá rẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Arúgbó náà kó ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó fi tirẹ̀ bò wọ́n, ó sì dì wọ́n mú fún ìgbà díẹ̀. Nígbà náà ni obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó bá a wá ihò ìgbànú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ, bàbá mi," ó wí. "Wọ́n ní aago mẹ́wàá ni wọ́n máa gbé òkú fún wa."